Iyanrìn Ojú Fàtíà

"Ẹni yìí kọ́."

Hàbíbátù ti na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà náà kó tó sọ̀rọ̀, ìka tó ti fi ọgọ́ta ọdún ṣa obì, tí èékánná rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹni lé làálì. Ọmọbìnrin kan wà nínú dígí yẹn lóòótọ́. Ó jókòó sẹ́yìn agbọ̀n. Ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò sí àpá, kò sí ìlà, kò sí èémí lára rẹ̀. Òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti pín sí onígun mẹ́rin mẹ́rin, bí ilẹ̀ tí wọ́n lẹ táìsì sí.

"Màmá, òun náà ni," ni Ephraim wí jẹ́jẹ́. "Mo kàn bá yín nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò ni."

"O nù ún, o sì nu ọmọ mi mọ́ ọn."

Ó dìde. Ó tún jókòó. Láti ọ̀sán tó ti wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Ṣàgámù wá sí Ìlíṣàn, ìdí rẹ̀ kò gba àga. Ó kírun ọ̀sán ní kọ̀rọ̀ yàrá iṣẹ́ Ephraim, nígbà tó sì sálámà tán, kò rántí bóyá ráàkà mẹ́ta ló kí tàbí mẹ́rin. Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́rin ààbọ̀. Bó bá di aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀, oòrùn á wọ̀. Adífẹ́ńtì paraku ni Ephraim àti Lydia ìyàwó rẹ̀. Bí oòrùn Jímọ̀ bá ti wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi wọn ti wọlé nìyẹn, kọ̀ǹpútà yẹn kò sì ní tàn mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bó bá sì di aago méje, ọkọ̀ òkun tí Tájù ń bá ṣiṣẹ́ á kúrò ní èbúté Kàlàbá, ó di oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kì í fi oṣù mẹ́fà ṣeré.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Tájù. Fàtíà, ọmọ Hàbíbátù, ló bí i, ọjọ́ tó bí i náà ló sì kú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Fàtíà yà láyé rẹ̀, òjò ọdún kan wọ inú àpótí, ó sọ ọ́ di omi aró. Nígbà tí Tájù wà lọ́mọdé, iwájú dígí ló máa ń lọ dúró sí. Á ní, "Ìyá, ẹ fìka hàn mí. Èwo ló jọ tiwọn nínú ojú mi?" Hàbíbátù á na ìka sí imú, á na ìka sí iwájú orí, títí ọmọ náà á fi rẹ́rìn-ín. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì báyìí, ó ti di ẹnjiníà nínú ọkọ̀ òkun, kò sì tíì rí ojú ìyá rẹ̀ rí.

Ó wá di ọdún tó kọjá, Alhájì Lìádì kú. Lìádì yìí ni olórí àwọn oníṣòwò obì ní àdúgbò wọn, òun nìkan ló sì ní ẹ̀rọ fídíò láyé ijọ́un. Ràbíátù ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ yàrá bàbá mọ́, ó bá kásẹ́ẹ̀tì kan pàdé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọ "Obì" sí i lára. Ètò tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ṣe nípa obì Ṣàgámù ni, bí ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn. Ràbíátù gbé e wá fún Hàbíbátù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ wá wo ohun tí Hàbíbátù ṣe. Wọ́n ní ooru ni í pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí lèèyàn wá ń ṣe sí ohun tí ooru kò gbọdọ̀ kàn? Ó já ewé gbòdògì tútù, ó fi wé kásẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n nínú ilé obì tí atẹ́gùn kì í wọ̀. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń pààrọ̀ ewé rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún obì gbànja. Ó ṣe èyí fún oṣù méjì gbáko. Nígbà tí Tájù fi máa gbọ́, tó sì fi máa wá ẹni tó mọ̀ nípa fídíò àtijọ́ rí ní Ìlíṣàn, olú funfun ti hù bo okùn dúdú inú rẹ̀.

"Mo ṣìkẹ́ rẹ̀ bí obì," ló sọ fún Ephraim lọ́jọ́ tó gbé e dé. Lydia rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ephraim kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi nu okùn náà ní ìwọ̀n ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì gbà kó kọjá lẹ́nu ẹ̀rọ. Bó ṣe parí báyìí ló já. Ohun tó kù láyé nípa Fàtíà kò sí níbòmíràn mọ́ àfi inú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì yìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló ń da Hàbíbátù láàmú. Ohùn kan wà nínú fídíò náà tí kò fẹ́ kí Tájù gbọ́.

Láti ọjọ́ tí Tájù ti mọ ọ̀rọ̀ í bèèrè ni Hàbíbátù ti ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ jókòó nínú ètò tẹlifíṣọ̀n yẹn o, ó kàn jẹ́ pé iná àwọn oníṣẹ́ náà ló kéré, kò dé ọ̀dọ̀ Fàtíà. Irọ́ ni. Iná ńlá ni wọ́n gbé wá, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n nítorí rẹ̀ níta. Hàbíbátù ni ìyálóde àwọn tó ń ṣa obì nígbà náà, ó wọ léèsì, ó jókòó sójú iná, ó ń dá ọkùnrin tó gbé gbohùngbohùn lóhùn bí ẹni tí wọ́n bí sórí tẹlifíṣọ̀n. Oyún Fàtíà ti tó oṣù mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ni oyún ti bá ọkọ̀ obì lọ sí Kánò, kò sì padà. Fàtíà gbé igbá obì wọlé, ó rìn bọ́ sójú iná náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Hàbíbátù sì sọ fún un pé kó kúrò níbẹ̀, kó lọ sínú òkùnkùn.

Ìgbà tí wọ́n gbé ètò náà jáde, nínú pálọ̀ Lìádì, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, kò jọ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Fàtíà jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò wo ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti ọ̀sán, bí Ephraim bá ti fẹ́ tú ohùn fídíò sílẹ̀, Hàbíbátù á ní, "Pa á, ọmọ mi. Ariwo rẹ̀ ń dùn mí létí."

"Kí ló dé tí kò fi lè lọ bó ṣe wà?" ó bi Ephraim báyìí. "Kó o kàn fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́."

"Ó tóbi jù, Màmá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì èbúté tí Tájù wà kò gba ohun tó bá ti ju mẹ́gábáìtì mẹ́wàá lọ. Mo fi ńlá ránṣẹ́ láàárọ̀, ó kú sọ́nà. Àfi ká fún un pọ̀. Ohun tí a fi ń fún un pọ̀ yìí la ń pè ní kódẹ́ẹ̀kì. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ kọ èyí tí mò ń lò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wù lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó wọ́ ṣe."

"Bí ọ̀wẹ̀ oko."

"Bí ọ̀wẹ̀ oko gẹ́lẹ́."

"Èwo nínú àwọn ọlọ́wẹ̀ náà ló wá kọ́ ọ pé kó máa bó èèyàn láwọ̀?"

Ephraim rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni bí àádọ́ta ọdún ni, ó ti hewú, ohùn rẹ̀ kì í ga. Yunifásítì ló ti ń bójú tó fídíò ayẹyẹ. Ilé ló ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

"Màmá, kámẹ́rà àtijọ́ kì í ríran nínú òkùnkùn. Iyanrìn ló máa ń rí. Ẹ rántí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ti parí ètò? Irú iyanrìn yẹn. Kì í dúró sójú kan. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti yí padà lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n. Ohun tó bá dúró jẹ́jẹ́ ni kódẹ́ẹ̀kì fẹ́, torí bó bá ti rántí i lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Tó bá ní kí òun rántí iyanrìn lẹ́yọ lẹ́yọ, gbogbo àyè tó ní ló máa tán sí i. Torí náà ó máa ń gbọ̀n ọ́n dà nù. Á wá fi ìwé pélébé kan há fídíò náà lọ́wọ́: 'Iyanrìn wà níbí, bó ṣe rí nìyí.' Bí Tájù bá ti ṣí i, fóònù rẹ̀ á bu iyanrìn mìíràn wọ́n ọn."

"Iyanrìn mìíràn."

"Ó jọ ọ́, Màmá. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Hàbíbátù tú etí ìró rẹ̀, ó mú obì kan jáde, ó pa á.

"Oníṣòwò kan wà nígbà kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó máa ń kó obì ìsàlẹ̀ agbọ̀n jáde, á fi ewé gbígbẹ dí i kó lè kún. Tó o bá wo òkè, obì ni. Tó o bá gbé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó obì. O mọ ibi tí wọ́n ti lù ú? Ní Sábó ni, níwájú mọ́ṣáláṣí, lójú àwọn àna rẹ̀." Ó na awẹ́ obì sí i. "Gbà."

"Ẹ ṣeun, Màmá. A kì í jẹ ẹ́ níjọ wa."

"Ẹ ò jẹ obì, ẹ ò mu kọfí, ẹ ò mu tíì dúdú. Kí lẹ wá fi ń jí láàárọ̀?"

"Àdúrà ni."

"Irọ́ ni, Màmá," Lydia dáhùn láti ilé ìdáná, níbi tó ti ń yára se oúnjẹ ọjọ́ kejì kílẹ̀ tó ṣú. "Èmi ni mo máa ń jí i. Tí mo bá ní kí n fi í sílẹ̀ fún àdúrà, iṣẹ́ á ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Hàbíbátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ó wo aago. Ó wo fèrèsé. "Ṣí ńlá fún mi," ló wí. "Má tú ohùn sílẹ̀ o."

Ephraim ṣí odindi fídíò náà, ó lọ sí ibi tí Fàtíà ti jókòó nínú òkùnkùn. Iyanrìn bo gbogbo ojú dígí, ó ń hó, ó ń rá bí èèrà tí ọmọdé fẹsẹ̀ tú ilé rẹ̀ ká. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Hàbíbátù kò fà sẹ́yìn. Ó fara sún mọ́ ọn, ó dín ojú rẹ̀ kù, bó ṣe máa ń ṣe nínú ilé obì nígbà tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀, láàárín iyanrìn tó ń rá, ẹnì kan ń bọ̀. Èjìká tó dẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Ọrùn. Àpá kékeré ìsàlẹ̀ ojú, níbi tí àkùkọ ti ṣá a nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

"Fàtíà," ló pè é, bí ẹni pé ó máa dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wò ó. Ọwọ́ rẹ̀."

"Ọwọ́ wo?"

"Lábẹ́ igbá yẹn. Wò ó dáadáa."

Ephraim fi imú kan dígí. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, dúdú nínú dúdú. Ó wà lórí ikùn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ewé agbọ̀n wò bóyá ó ṣì tutù. Ephraim ṣí èyí tó fún pọ̀, tó mọ́ tónítóní, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìyẹn, ọwọ́ náà kò mira. Ó dùbúlẹ̀ bí igi ìdáná. Ó pẹ́, ó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ síbòmíràn, ó tún dùbúlẹ̀.

"Kódẹ́ẹ̀kì rò pé iyanrìn ni," Ephraim wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wò ó lánàá, Màmá. N ò rí ọwọ́ yẹn."

"Tájù ló wà níbẹ̀. Nínú ikùn yẹn."

Ephraim bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ẹ̀rọ ìṣirò ló mú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní a lè sọ fún kódẹ́ẹ̀kì pé kó má gbọ̀n iyanrìn dà nù, kó rán ojúlówó. Ṣùgbọ́n ètò ìṣẹ́jú mọ́kànlá kò lè wọ inú mẹ́gábáìtì mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló lè wọ̀ ọ́. Ogójì péré. Oòrùn tó kù kò sì ní gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá gbé e sínú ẹ̀rọ, tí kò bá dára, ó di Sátidé alẹ́.

"Kí ni kò ní sí níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ yín, Màmá. Gbogbo ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tó ti sọ bí wọ́n ṣe ń mọ obì tó ti gbó lára ìró rẹ̀ nínú ọwọ́. Ibi tí ọkùnrin yẹn ti rẹ́rìn-ín títí gbohùngbohùn fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi ń kí i nítorí rẹ̀ lọ́jà Ìkẹ́nnẹ́, tí àwọn awakọ̀ ń bá a gbẹ́rù láìgbowó. Kò tún sí ọjọ́ bí ọjọ́ yẹn láyé rẹ̀.

"Gé mi dà nù," ló wí. "Tájù mọ ojú mi dọ́ba, ó ti sú u." Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gúnyán nínú ewé, tí wọ́n sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

"Ó dáa. Mo mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀." Ephraim ń wá a lọ. "Ibì kan wà tí ìyá Tájù ti rìn bọ́ sójú iná. Ojú wọn hàn gbangba. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn agbọ̀n, ọwọ́ wá bọ́ síkùn. Gbogbo rẹ̀ ò ju ogójì lọ."

Hàbíbátù gbé ọwọ́ sókè. "Fi ibi iná yẹn sílẹ̀. Inú òkùnkùn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

"Màmá, ibẹ̀ nìkan ni ojú wọn ti mọ́lẹ̀!"

"Yọ ohùn rẹ̀ nígbà náà."

"Ohùn ò gba àyè. Bíi kóró àgbàdo ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù."

"Mo ní kó o yọ ọ́."

Ephraim wò ó. Ó pa ohùn, ó wá fi ibẹ̀ hàn án bí Tájù ṣe máa rí i. Fàtíà wọlé pẹ̀lú igbá obì. Iná bà á. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, èjí rẹ̀ fara hàn, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Lójijì ó yíjú sí ọ̀tún, ó mi orí, ó gbé igbá wá sí iwájú ikùn, ó fi bò ó, ó sì rìn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀.

"Ó jọ pé ojú ń tì wọ́n," Ephraim wí. "Bíi pé wọ́n sá fún iná."

Lydia kọjá pẹ̀lú aṣọ lílọ̀ lápá. "Bàbá Ànú, oòrùn ń lọ o," ló wí fún ọkọ rẹ̀.

Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Fàtíà kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá òkùnkùn lọ. Bí wọ́n bá rán an báyìí, láìsí ohùn, ohun tí Tájù máa gbé rìn lójú òkun fún oṣù mẹ́fà ni pé ìyá òun tijú oyún òun, ó fi igbá bò ó, ó sá. Òkú ò lè wá jẹ́jọ́ ara rẹ̀.

"Tú ohùn sílẹ̀," ni Hàbíbátù wí.

Jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n. Obì ń dà sínú agbọ̀n, wàràwàrà. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ibi tí kámẹ́rà kò rí.

"Fàtíà. Fàtíà mi. Kúrò lójú iná, lọ sẹ́yìn agbọ̀n. Ikùn yẹn kọ́ ni wọ́n wá wò."

Láti ọdún méjìdínlógójì, ariwo ló fi ń gbọ́ ọ nínú orí rẹ̀. Igbe. Ohùn tó ń nani bí ọrẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ohùn náà rọ̀, ó dùn, ó kún fún ìkẹ́. Ohùn téèyàn fi ń pe ọmọ pé kó wá jẹun. Ohùn ẹni tí kò ṣiyèméjì rárá pé òun ń ṣe dáadáa. Hàbíbátù fẹ́ kó jẹ́ igbe. Ì bá rọrùn fún un bó bá jẹ́ igbe.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kejì wá, tínrín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sábẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀.

"Ó dáa, Ìyá mi."

Ó ti gbàgbé. Wallahi, ó ti gbàgbé pé Fàtíà dáhùn. Gbogbo ìgbà tó fi ń sọ pé kí wọ́n yọ ohùn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí Fàtíà fi sílẹ̀ láyé ló ní kí wọ́n yọ.

"Fi sílẹ̀," ló wí.

"Gbogbo rẹ̀, Màmá?"

"Gbogbo rẹ̀. Tiẹ̀ àti tèmi."

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ephraim tẹ bọ́tìnì. Ó ní ó máa pẹ́, torí ẹni tí wọ́n ní kó má ju nǹkan kan nù kì í yára palẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà kékeré kan ń gòkè lójú dígí, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mọ́kànlá. Iná mànàmáná lọ, gbogbo àdúgbò pariwo, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fi bátìrì rẹ̀ mí. Hàbíbátù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé, ó tún jáde. Ó kírun Àsárì. Ó ka òjìji igi máńgòrò bó ṣe ń gùn sí i lára ògiri. Lydia ti wẹ̀, ó ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó ti nu bàtà gbogbo ilé. Ìdá ogójì. Ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ephraim náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fèrèsé ju dígí lọ.

"Bí kò bá parí ńkọ́?" Hàbíbátù bi í.

"Á parí, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ léyìí. Bí kò bá parí?"

Ephraim na ọwọ́ sí fèrèsé. "Oòrùn ò mọ̀ mí, Màmá. Mo máa pa á."

Hàbíbátù mi orí. Kò bínú. Èèyàn tó mọ ibi tí òun máa dúró, ó sàn ju òun Hàbíbátù lọ.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló parí. Mẹ́gábáìtì mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ephraim ṣí i fún un lẹ́ẹ̀kan. Iyanrìn wà níbẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀ ju ti ńlá lọ, ṣùgbọ́n tibẹ̀ ni, kì í ṣe àbùwọ́n. Àpá àkùkọ wà níbẹ̀. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀. Ephraim fi ránṣẹ́ sí Tájù. Àmì kan jáde. Wọ́n dúró, àwọn méjèèjì, bí ẹni tó ń retí kí ọmọ tuntun ké. Àmì kejì jáde, ó ti dé ọwọ́ Tájù.

Ephraim pa kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́, Lydia dá orin kan láti pálọ̀, jẹ́jẹ́, ọkọ rẹ̀ sì gbè é.

Hàbíbátù jókòó sórí ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí fóònù kékeré rẹ̀ dún.

"Ìyá."

"Tájù."

Afẹ́fẹ́ òkun pọ̀ lẹ́nu fóònù. Àwọn ọkùnrin ń ké síra wọn, irin ń lu irin.

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin," ló wí. "Ìyá, wọ́n ní èjí! Ẹ ò sọ fún mi rí pé wọ́n ní èjí."

"Mo gbàgbé ni. Ó ní èjí."

"Ọwọ́ wọn níkùn yẹn…"

"Ìwọ ni."

Tájù fọn imú. Fèrè ọkọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, ó gùn, Hàbíbátù gbé fóònù kúrò létí, ó tún gbé e padà.

"Ìyá, obìnrin wo ló ní kí wọ́n kúrò lójú iná?"

Hàbíbátù kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó rò pé Tájù ń bú òun ni. Ìgbà tó yá ló wá mọ̀ pé ìbéèrè ni, ìbéèrè lásán. Tájù kò mọ ohùn náà. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ ọ́n? Ohùn tó tọ́ ọ dàgbà ti gbó, ó ti há, eyín ti yọ nínú rẹ̀. Ohùn ẹni ogójì ọdún yẹn, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí olóhùn mọ́. Lìádì ti lọ. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ ti lọ. Fàtíà ti lọ. Obìnrin kan sì wà láàárín àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn lóòótọ́, ó gbé wáyà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dùn, ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Èmi ni," ni Hàbíbátù wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni, Tájù. Iná wọn ò kéré."

Ó retí kó sọ̀rọ̀. Ó retí kó gé fóònù. Fèrè tún ké, ẹnì kan pe Tájù lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀nà jíjìn, kò jẹ́ ẹ. Nínú ilé, orin àwọn Lydia ti dé ẹsẹ kẹta. Hàbíbátù di fóònù náà mọ́ etí, ó ń gbọ́ ọmọ náà tó ń mí, ó ń gbọ́ òkun. Kò sí èyí tó pa fóònù nínú àwọn méjèèjì.